Ojú Òsì Mi àti Omi Àmù Ìyá Àgbà

Ọjọ́rú, 16 oṣù Kẹwàá 2024

Tí ojú òsì mi bá fọ́, kí ẹni tó bá ka ìwé yìí mọ̀ pé ọwọ́ ẹnìkan wà níbẹ̀. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé ní Ìtapàjí yìí, bí mo bá ní ilé ń jó, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ayékòótọ́ ti tún dé." Ayọ̀kúnlé ni orúkọ tí wọ́n sọ mí. Láti ọjọ́ tí mo ti fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé wa sọ fún kíláàsì pé kí wọ́n máa lọ sílé, tí wọ́n sì lọ, orúkọ ẹyẹ ni wọ́n ń pè mí.

Lánàá ni à ń fẹ́ ìrẹsì lóko Bọ̀ọ̀dá Isaac, àbúrò bàbá mi, lápá dáàmù. Ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀ ló mú atẹ lọ́wọ́. Èmi dúró níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, mò ń sín pásítọ̀ jẹ bó ṣe máa ń wúkọ́ kó tó ka ìfilọ̀ ìkórè. Ẹ̀bùn gbọn atẹ, ìyàngbò fò wọ ojú òsì mi. Ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀, kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?

Nígbà tí mo délé, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi tó ń tọ́ mi, bu omi inú àmù sínú igbá, ó ní kí n ki ojú bọ̀ ọ́, kí n sì lajú nínú rẹ̀. Mo rí ìyàngbò náà tó léfòó. Ó jáde, ṣùgbọ́n ojú kò yéé ta mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Ojú pọ́n bí ata. Ìyá Àgbà ní àpólò ni. Bọ̀ọ̀dá Isaac ní àpólò ni. Ọ̀gá Akínbọ̀dé tó ń ta oògùn ní ìkòríta kò tilẹ̀ dìde lórí àga kó tó dá a mọ̀.

"Ayékòótọ́, ṣé ojú tòótọ́ ni àbí ojú eré?"

"Ojú tòótọ́ ni, sà."

"Lọ́dún tó kọjá, o di afọ́jú, o fi ọ̀pá tálẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù yìí, mo fún ọ ní bisikíìtì. Mo yíjú báyìí, o gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ojú wo wá ni tòní?"

Mi ò lè jiyàn. Bisikíìtì náà dùn. Ó fún mi ní ìgò oògùn ojú kékeré kan, ó ní kí n máa kán an láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 21

Oòrùn ti di ọ̀tá mi. Mo fi fìlà bo ojú. Òjò kékeré rọ̀ lọ́sàn-án, inú mi dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 25

Ojú ti rọ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Pípọ́n lọ, mo sì ti ń sín Ọ̀gá Akínbọ̀dé jẹ kiri àdúgbò pé òun ni wòlíì ojú. Àfi bí ìrora ṣe padà dé láti àná bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ó ń ro mí dé inú eyín. Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé kò pọ́n tó bó ṣe ń dùn mí. Ta ló máa gbà mí gbọ́?

Mo fura sí oògùn yẹn. Mo yá fóònù Ẹ̀bùn, mo pe Ọ̀gá Akínbọ̀dé, mo fi ohùn ọkùnrin ńlá láti Adó bá a sọ̀rọ̀, ohùn tó ń ti inú ikùn bọ̀, tí kì í kánjú.

"Àwa la wà lẹ́nu àyẹ̀wò oògùn. Oògùn ojú wo ni ẹ̀ ń tà fún àwọn ọmọ Ìtapàjí?"

"Ẹ má bínú, sà. Èyí tó ń yára pa pípọ́n ni, sà. Sítẹ́rọ́ìdì díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀."

"Ṣé dókítà ló kọ ọ́?"

"Sà, gbogbo wa la ń tà á. Ṣé kí n wá rí yín ni, sà?"

Mo ní kó kàn máa ṣàánú àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn ládùúgbò rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ilé Ìyá Àgbà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó fi bisikíìtì ránṣẹ́. Mo jẹ bisikíìtì, mo da oògùn sẹ́yìn ilé.

Ọjọ́rú, 30

Ìyá Àgbà ti gbà pé kì í ṣe eré. Ẹ̀bùn ló jẹ́ kó gbà. Ó ní kí n kọjú sí fèrèsé, ó wò mí, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Nǹkan funfun kan wà lójú rẹ. Ó rí roboto bí òrùka."

"Ṣé o ń sín mi jẹ ni?"

"Èmi kọ́ ni Ayékòótọ́," ó ní. Ó sì sunkún. Ẹkún yẹn ló dẹ́rù bà mí ju òrùka lọ.

Tí mo bá di ojú ọ̀tún, ojú òsì kò rí ju kùrukùru lọ. Ìyá Àgbà ní kí n má mikàn. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ nílé yìí láàárọ̀ kí a tó fi omi àmù bọ́jú. Ní báyìí, ó ní kí n máa pẹ́ nínú igbá, kí n máa lajú dáadáa. Ó ní, "Omi yìí mọ gbogbo ará ulé yìí. Àmù yìí kò gbẹ rí láti ìgbà tí ìyá ọkọ mi ti fi lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá gbẹ, ulé gbẹ."

Omi tutù náà ń fún mi ní ìsinmi díẹ̀. Òun nìkan ni mi ò fura sí nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kọkànlá

Bọ̀ọ̀dá Isaac gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ dé Ìkọ̀lé, a wọ takisí gba Ọyẹ́ àti Ìfàkì dé Ìdó. Ó ń ráhùn epo bẹntiróòlù láti ilé dé ọ̀nà. Mo fi aṣọ di ojú. Obìnrin kan nínú takisí ní kí ẹ̀mí Ọlọ́run bà lé mi, ó wá rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Dókítà Dúrójayé ni wọ́n mú wa lọ bá ní ilé ìwòsàn ńlá, obìnrin kúkúrú kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà yí i ká. Ó tan iná tín-ín-rín sí ojú mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Ó bi mí léèrè gbogbo oògùn tí mo ti lò. Nígbà tí mo dárúkọ ti Ọ̀gá Akínbọ̀dé, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyẹn pa pípọ́n, ó sì fi ohun tó ń jẹ ojú rẹ sílẹ̀ kó máa jẹun lọ. Mo fẹ́ ha díẹ̀ lára awọ iwájú ẹyinjú rẹ, kí n lè mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Mo wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mà, ta ni nínú wọn ló fẹ́ fi ojú mi kọ́ṣẹ́?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ẹ búra, mà."

Bọ̀ọ̀dá Isaac fà mí létí. Dókítà kò bínú. Ó kán oògùn tó ń pa ara kú sí i, ó fi irin kékeré kan tó mú ha á. Mi ò mọ ìrora, ìró rẹ̀ ni mo gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń ha ìdí ìkòkò láti ọ̀nà jíjìn.

Lẹ́yìn náà ó pè mí síbi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ní kí n fi ojú ọ̀tún wò ó. Mo rí wọn. Wọ́n rí roboto bí ẹyin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ ẹ̀wù méjì lé ara wọn. Akantamíbà ni wọ́n ń pe kòkòrò náà. Orúkọ náà dà bíi ti ẹni tó sá kúrò ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú owó àjọ.

"Inú omi ni wọ́n ń gbé," Dókítà wí. "Inú dáàmù, inú odò, inú ohunkóhun tí omi bá ti pẹ́ sí. Wọn kì í ṣe ojú tó dá níbi. Ṣùgbọ́n ìyàngbò yẹn ti ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Tí wọ́n bá rí oògùn, wọ́n á wọ ẹ̀wù méjì yìí, wọ́n á ṣe bí òkú. Tí oògùn bá dáwọ́ dúró, wọ́n á jí."

Mo mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe tí Bọ̀ọ̀dá Isaac bá ń pè wá lọ sóko.

Ó ní, "Ṣé o máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú dáàmù?" Mo ní rárá. Ó bi Bọ̀ọ̀dá Isaac pé omi wo la ń lò nílé. Bọ̀ọ̀dá ní omi ẹ̀rọ ni, ti abúlé, tó mọ́ gaara. Òótọ́ ni. Èmi ni mo ń pọn ọ́n.

Wọ́n dá mi dúró. Dókítà ní tí a kò bá gbógun tì í báyìí, ojú náà lè lọ pátápátá.

Ọjọ́bọ̀, 7

Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni nọ́ọ̀sì ń kán oògùn sí mi lójú, tọ̀sán tòru. Ilé ìpoògùn ló pò ó fún mi, ìgò rẹ̀ kò ní àmì kankan lára, orúkọ mi nìkan ni wọ́n fi gègé kọ sí i. Ìgò tí kò ní àmì, ṣé kí n má fura? Mo ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kán an sí ojú tirẹ̀. Ó wò mí bí ẹni wo ajá tó ń sọ̀rọ̀.

Bàbá Festus láti Ùsì ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ yọ nǹkan tó ń bo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tí kò jẹ́ kí o sùn nítorí ojú rẹ, ọ̀tá rẹ kọ́ nìyẹn."

Mo sín oníròyìn rédíò jẹ fún un, mo ní ìjọba ti fún gbogbo ará Ùsì ní ojú tuntun. Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá bá wa wí pé rírẹ́rìn-ín kò dára fún ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Mo sùn. Ojú kò ro mí títí ilẹ̀ fi mọ́ dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Òrùka náà ti ń di tín-ín-rín. Dókítà Dúrójayé ní kí n máa lọ sílé, kí n máa kán oògùn ní wákàtí méjì méjì tí mi ò bá sùn, kí n má fo ọ̀kankan. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ lójú ọ̀nà. Bàbá Festus fún mi ní ọsàn mẹ́ta. Mo ṣàyẹ̀wò wọn kí n tó jẹ wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Ní Ìdó, ojú ń sàn. Nílé, ojú ń burú. Oògùn kan náà ni, ojú kan náà ni. Èèyàn kò ní láti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kó tó mọ̀ pé ẹnìkan nínú ilé yìí ń ba oògùn mi jẹ́.

Mo ti rò wọ́n wò. Ẹ̀bùn ló fi ìyàngbò sí mi lójú, ó sì ti ń ṣe jẹ́jẹ́ jù láti ìgbà náà. Bọ̀ọ̀dá Isaac kò fẹ́ràn ìrìn àjò Ìdó, ìrẹsì rẹ̀ wà nílẹ̀ láìpa. Ọ̀gá Akínbọ̀dé ń kí mi báyìí kí n tó kí i. Kí ló dé?

Ìyá Àgbà nìkan ló ń ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Òwúrọ̀ òwúrọ̀, igbá omi rẹ̀ ń dúró dè mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Mo dẹ páńpẹ́. Mo fi irun kan dì mọ́ ọmọrí ìgò oògùn, mo ku eérú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, mo sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́sàn-án nígbà tí wọ́n rò pé mo wà ní pápá.

Ẹ̀bùn ló wọlé. Ó ṣí àpótí, ó mú ìgò náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

Mo fi ohùn bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀bùn, kí lò ń wá níbẹ̀?"

Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Nígbà tó rí i pé èmi ni, ó kó eérú tó wà nílẹ̀ dà sí mi lára.

"Ayékòótọ́, orí rẹ kò pé. Mò ń wò ó bóyá ó ń dín kù ni. O da èyí àkọ́kọ́ nù sẹ́yìn ilé, mo rí ọ. Ta ló mọ̀ bóyá o ń da èyí náà nù?"

"O ń fura sí mi?"

"Ṣé ìwọ kò fura sí èmi ni? Tí ojú yẹn bá fọ́, títí mo fi máa dàgbà ní Ìtapàjí, èmi ni ẹni tó fọ́ ojú Ayọ̀. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́jà. Ṣé o rò pé mò ń sùn?"

Mo ní kó máa tọ́jú ìgò náà. Láti òní lọ, òun ló ń kán oògùn náà fún mi. Ojú ṣì ń burú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Ìdó. Bọ̀ọ̀dá Isaac kò ráhùn epo lónìí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le. Dókítà Dúrójayé wo ojú náà pẹ́. Òrùka ti nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní tó bá ń lọ báyìí, awọ náà lè lu, tó bá sì lu, kò sí ohun tí òun máa rí ṣe.

"Ṣé o ń fo oògùn ni?"

"Rárá, mà. Ẹ̀bùn lè jẹ́rìí."

"Nígbà náà, nǹkan kan wà nílé tí kò sí níbí. Láti ìgbà tí o bá jí, kí lò ń ṣe? Má yọ nǹkan kan sílẹ̀."

"Mà, ṣé kí n sọ ọ́ ni àbí kí n ṣe é?"

"Ṣe é."

Mo ṣe é. Mo kọ bí àkùkọ Ìyá Ọlọ́pẹ, aládùúgbò wa. Mo hú ikọ́ Bọ̀ọ̀dá Isaac, mo fi ẹnu dún bí ọ̀kadà rẹ̀ tí kì í fẹ́ jí láàárọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń di ikùn mú. Mo wọ́ sálúbàtà Ìyá Àgbà nílẹ̀, mo fi ohùn rẹ̀ ní, "Ayọ̀, dìde, ulẹ̀ ti mọ́." Mo dún bí igbá ṣe ń dún tó bá wọ inú àmù, gbógbó. Mo wá mú abọ́ irin orí tábìlì Dókítà, mo ki ojú bọ inú rẹ̀, mo lajú, mo ń fi ẹnu hó bí omi.

Nígbà tí mo gbórí sókè, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín àfi Dókítà.

"Padà sẹ́yìn. Ṣe ibi abọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un ṣe. Ẹ̀rín ti lọ.

"Omi wo nìyẹn?"

Bọ̀ọ̀dá Isaac ní, "Omi ẹ̀rọ ni, mà. A ti sọ ọ́ fún yín."

"Inú kí lẹ pọn ọ́n sí?"

"Inú àmù."

"Ìgbà wo lẹ fọ àmù náà kẹ́yìn?"

Bọ̀ọ̀dá Isaac wò ó bí ìgbà tí wọ́n bi í pé ìgbà wo ló fọ òkè kẹ́yìn. "Mà, a kì í fọ̀ ọ́. A kì í jẹ́ kó gbẹ. Omi tuntun là ń dà lé ti àná."

"Ti àná ńkọ́?"

"Ó wà lórí ti ìjẹta, mà."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, kò sì sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Ó ní kó lọ bu omi náà wá, kó sì ha díẹ̀ nídìí àmù. Mo tún wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá Festus ti lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kejìlá

Wọ́n rí wọn nínú omi náà. Àwọn kan náà, pẹ̀lú ẹ̀wù méjì. Mo ti ń fura sí gbogbo èèyàn tó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nínú ilé wa, láàárọ̀ láàárọ̀ ni mo sì ń ki ojú mi bọ ẹnu ọ̀tá.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Ìyá Àgbà wá sí Ìdó pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà Dúrójayé kúnlẹ̀ kí i, ó ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Omi yìí ni mo fi bọ́jú fún bàbá ọmọ yìí, mo fi bọ́jú fún Isaac. Ojú ta ló fọ́?"

"Kò sí, Ìyá. Ojú wọn kò ní ọgbẹ́ ni. Tiẹ̀ ní ọgbẹ́."

"Dókítà, ṣé àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá ló rán ọ?"

"Ẹnikẹ́ni kò rán mi, Ìyá. Gbogbo omi tó ń wọ ilé yín ló ń gba inú àmù yẹn kọjá, títí kan èyí tí ẹ fi ń fọwọ́ kí ẹ tó kán oògùn. Mi ò ní dá a padà sínú ilé tí àmù náà bá ṣì wà bẹ́ẹ̀."

"Nígbà náà, kó máa bá ọ gbé."

Ó dìde, ó jáde. Kò wo ẹ̀yìn. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀rù, kò sọ ọ́ ni. Ọdún tí bàbá mi kú, ẹ̀rọ abúlé bàjẹ́, omi àmù lọ sílẹ̀ títí igbá fi ń kan ìdí rẹ̀. Kò gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, 12

Òrùka ti tún ń fà sẹ́yìn. Bọ̀ọ̀dá Isaac sọ fún Dókítà pé, "A ti dà á nù, mà, a ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní." Dókítà dá mi sílẹ̀.

Mo délé, mo ki ọwọ́ bọ àmù. Ó kún dé ọrùn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ purọ́."

Kò lè wò mí. "Ìrẹsì ń jẹrà lóko. Ta ló fẹ́ da àmù ìyá mi nù? Ìwọ?"

Gbogbo ayé mi, èmi ni wọ́n ń pè ní òpùrọ́ ilé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Ìyá Àgbà gbé igbá omi síbi tó máa ń gbé e sí láàárọ̀. Mo rékọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bùn ti se omi sínú kẹ́tùlù fún mi ní ìkọ̀kọ̀. Ìyá Àgbà kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Omi kẹ́tùlù náà ńkọ́, ibo ni Ẹ̀bùn ti bù ú? Mo bi í. Ó ní láti ẹ̀rọ tààrà. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Ẹ̀bùn àti bàbá rẹ̀ wà lóko. Ìyá Àgbà jókòó ní yàrá, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọyẹ́ ti jẹ́ kí gbogbo nǹkan gbẹ, èèpo ẹ̀gúsí ń ró kẹ́kẹ́.

Mo ti rò ó láti àná. Bàbá Àgbà kú nígbà tí mo kéré, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúrò létí mi. Ó máa ń fa imú kó tó sọ̀rọ̀, ó sì máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn. Mi ò ṣe é rí fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ dúró sẹ́yìn fèrèsé yàrá, mo fara ti ògiri, mo fa imú.

"Àbẹ̀kẹ́."

Èèpo ẹ̀gúsí dákẹ́.

"Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, da omi àmù yẹn nù. Ojú ọmọ náà."

Mo rò pé mo ti pa á.

Ó wá ní, "Wọlé."

Mo wọlé. Kò gbójú sókè, ó ṣì mú ẹ̀gúsí kan láàárín ìka.

"Ohùn yẹn jọ tirẹ̀. Ó jọ ọ́ débi pé ara mi tutù." Ó bó ẹ̀gúsí náà, ó jù ú sínú abọ́. "Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wọ ulé yìí, bàbá àgbà rẹ kò sọ 'jọ̀ọ́' fún mi rí. Tó bá fẹ́ kí omi dànù, òun fúnra rẹ̀ á ti dà á, á sì ní kí n lọ pọn òmíràn."

Ó mú ẹ̀gúsí mìíràn.

"Ohùn ta ni 'jọ̀ọ́' yẹn?"

"Tèmi ni, mà."

"Nígbà náà, fi tìrẹ sọ ọ́."

Mo la ẹnu. Mo ní ohùn pásítọ̀, mo ní ti Akínbọ̀dé, ti dókítà, ti òkú àti alààyè. Tèmi kò tètè jáde. Nígbà tó jáde, ó kéré, bí ti ọmọ tí ata há lọ́fun.

"Ìyá Àgbà, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ fọ́jú."

Ó gbójú sókè nígbà náà. Ó wo ojú òsì mi, ó wò ó tààrà bí kò ṣe wò ó rí láti ọjọ́ tó ti ń ṣe mí. Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó dìde.

"Di ọrùn àmù náà mú. Ó wúwo."

Àwa méjèèjì la fà á jáde sí àgbàlá. Nígbà tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, omi mímọ́ ló kọ́kọ́ dà, ó dà, ó dà, ilẹ̀ mu ún. Lẹ́yìn náà ni ìdí rẹ̀ wá, ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ẹ̀gúsí tó bàjẹ́, tó ń fà bí ilá. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú." Mi ò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó lọ gbé omi kaná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Kìn-ín-ní 2025

Ìdó. Dókítà Dúrójayé di ojú ọ̀tún mi, ó na ìka. Mo ní méjì. Ó na òmíràn, mo ní mẹ́rin. Ó jọ ẹni tó ń na ìka láti inú èéfín, ṣùgbọ́n mo kà wọ́n. Ó ní kòkòrò náà ti ń kú, àpá funfun ló máa ṣẹ́kù, oògùn ṣì ku oṣù mélòó kan, àti pé lọ́jọ́ kan, tí àyè bá wà, wọ́n lè fi awọ ojú ẹni tó ti kú pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí irú èèyàn tí ẹni náà jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bọ̀ọ̀dá Isaac tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí irọ́ yẹn. Dókítà ní òun ti gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, òun náà á máa fura.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Ilé kò gbẹ. Ìrẹsì ti wọ àká, ewúrẹ́ Ìyá Àgbà bí méjì. Ní Sátidé Sátidé, Ìyá Àgbà ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ àmù, ó sì ń dojú rẹ̀ kọ oòrùn. Tó bá ṣe tán, kì í pe Bọ̀ọ̀dá Isaac, kì í pe Ẹ̀bùn.

"Ayọ̀," ó pè mí láàárọ̀ yìí, "wá wò ó bóyá ó mọ́."

Mo ki orí bọ inú rẹ̀, mo fi ọwọ́ pa á láti ọrùn dé ìdí. Ó mọ́. Mo yọ orí jáde, mo fajú ro, mo ní kó tún un fọ̀.

Ó wò mí títí. Kò mọ̀ bóyá eré ni mò ń ṣe.

Ó tún un fọ̀.